Ìdọ́gba Ni Agbára Ọrun

Bismillāhi r-Rahmāni r-Rahīm. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tó dá gbogbo nǹkan pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọfà títa nínú ẹ̀sìn wa, hadíìsì kan wà tí a kì í fi sílẹ̀. Òun ni èyí tí ʿUqbah ọmọ ʿĀmir gbà wá, tó wà nínú Sahīh Muslim. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣàlàyé lórí mìńbárì pé títa ni agbára tí Ọlọ́hun ní ká pèsè sílẹ̀ nínú Sūratul-Anfāl, ó sì sọ ọ́ nígbà mẹ́ta. Gbogbo wa la mọ èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: ọrun tí a ó fi ta ọfà náà ńkọ́? Kí ló ń sọ igi lásán di ọrun? Kí ló dé tí a ó gé igi méjì lára ẹ̀ka kan ṣoṣo, tí wọ́n gùn bákan náà, tí ọ̀kan yóò máa ta ọfà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí èkejì yóò sì ṣẹ́ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fà á?

(Ọrun tí mò ń wí yìí ni ti ọdẹ, tí kò gba àmì ohùn kankan. Kì í ṣe ọ̀run tí à ń retí, kì í sì í ṣe ọrùn tó gbé orí.)

Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: agbára ọrun kò sí nínú líle igi. Ó wà nínú kí gbogbo ara igi náà pín ìnira fífà láàárín ara wọn, kí ibì kan má ṣe gbé ju ibì kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọfà títa láìka èyí sí, ohun tó lè ṣe ọmọ náà léṣe ló ń fi lé e lọ́wọ́, bó tilẹ̀ ń pè é ní súnnà.

Àwọn Lárúbáwá mọ igi ọrun

Àwọn Lárúbáwá ìgbà Ànábì kì í gé igi tí wọ́n bá ṣáà ti rí. Ẹ yẹ àwọn ìwé atúmọ̀ èdè Lárúbáwá wò, ẹ ó rí orúkọ mẹ́ta fún igi ọrun: nabʿ, shiryān àti shawhat. Àwọn onímọ̀ èdè kan ṣàlàyé pé igi kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé ibi tó hù sí ló yí orúkọ rẹ̀ padà. Èyí tó hù lórí òkè ni nabʿ, tẹ̀gbẹ́ òkè ni shiryān, tìsàlẹ̀ òkè sì ni shawhat. Ẹni tó bá lè fún igi kan ní orúkọ mẹ́ta nítorí ibi tó hù sí, ó dájú pé ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Àwọn òpìtàn ìgbésí ayé Ànábì ka àwọn ọrun rẹ̀ fún wa. Wọ́n ní ọ̀kan ń jẹ́ as-Safrāʾ, igi nabʿ ni. Òmíràn ń jẹ́ al-Baydāʾ, igi shawhat ni. Wọ́n tún dárúkọ al-Katūm, èyí tó ṣẹ́ lọ́jọ́ Uhud, tí Qatādah ọmọ an-Nuʿmān sì mú un. Ìtumọ̀ al-Katūm ni ẹni tó ń pa àṣírí mọ́, nítorí pé ohùn rẹ̀ kì í jáde tí wọ́n bá fi ta ọfà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ohùn yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Wọ́n tún fún ara ọrun ní orúkọ bí ẹni ń dárúkọ ẹ̀yà ara ènìyàn. Àárín rẹ̀ ni kabid, ìyẹn ẹ̀dọ̀. Èyí tó tẹ̀lé e ni kulyah, ìyẹn kíndìnrín. Lẹ́yìn náà ni abhar, orúkọ iṣan ńlá kan nínú ara. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tāʾif, kó tó wá kan siyah, ìyẹn ṣóńṣó tó tẹ̀ níbi tí ọṣán ń so mọ́. Báyìí ni wọ́n pín apá ọrun kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí yóò pín nǹkan wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kò bá mọ̀ pé apá kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yìn ń nà, ikùn ń sún kì

Ọrun ní ẹ̀yìn, ó ní ikùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìhà tó kọjú sí ohun tí a fẹ́ ta, ikùn rẹ̀ ni ìhà tó kọjú sí ẹni tó ń ta. Bí a bá fà á, ẹ̀yìn yóò máa nà, ikùn yóò máa sún kì. Ẹ mú ẹ̀ka tútù kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa: èèpo ìta yóò fẹ́ ya, èèpo inú yóò sì hunjọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọrun nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí a bá fà á.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ọrun ni a kì í fi àdá ṣeré lé lórí. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú igi gbọ́dọ̀ lọ láti ṣóńṣó kan dé èkejì láìjá. Bí ọ̀bẹ bá gé wọn lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni igi yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń wá igi tó tọ́, tí kò ní kókó, tí wọ́n sì ń jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Igi tútù kì í tètè ṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá tẹ̀, kì í padà sípò.

Àwọn Túrkì, tí ọrun wọn lókìkí jù lọ láàárín àwọn Mùsùlùmí, lo òye kan náà ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n lẹ iṣan ẹran mọ́ ẹ̀yìn igi nítorí pé iṣan ń fara da nínà, wọ́n sì lẹ ìwo mọ́ ikùn rẹ̀ nítorí pé ìwo ń fara da sísún kì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi igi nìkan ṣe ọrun kò ní ìwo, kò ní iṣan. Bó ṣe gbẹ́ igi náà nìkan ló lè gbà á.

Fífẹ̀ àti nínípọn kì í ṣe ọ̀kan náà

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé igi tó bá nípọn ni yóò lágbára. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá sọ fífẹ̀ apá ọrun di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ nínípọn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ! Ẹ wá yí i padà: apá ọrun tó nípọn tó mìlímítà 10, bí ẹ bá ha mìlímítà 1 péré kúrò lára rẹ̀, ó ti pàdánù ju ìdá mẹ́rin líle rẹ̀ lọ. Mìlímítà kan! Ohun tí fáìlì lè kó lọ kí ẹni tó ń fá a tó gbójú sókè.

Ọ̀rọ̀ kejì ṣòro ju èyí lọ. Bí igi méjì bá tẹ̀ bákan náà, èyí tó nípọn ni ẹ̀yìn rẹ̀ nà jù, òun náà sì ni ikùn rẹ̀ sún kì jù. Ó túmọ̀ sí pé èyí tí a rò pé ó lágbára ló súnmọ́ ṣíṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ọrun tó le tí kò sì ní ṣẹ́, ó dára kó fi fífẹ̀ wá líle náà ju kó fi nínípọn wá a lọ, tàbí kó jẹ́ kí ọrun náà gùn sí i kí títẹ̀ rẹ̀ lè tàn ká.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1944, wọ́n hú ọrun kan jáde ní Holmegaard ní ilẹ̀ Dẹ́ńmákì. Igi elm ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́sàn-án. Apá rẹ̀ fẹ̀ ní àárín, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ó tínrín bó ṣe ń lọ sí ṣóńṣó. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn máa ń ṣe ọrun tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì nípọn. Ọkọ̀ ojú omi wọn kan tó ń jẹ́ Mary Rose rì ní ọdún 1545. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1982, odindi ọrun tí wọ́n kó nínú rẹ̀ lé ní 130. Igi yew ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe fún wọn: ìhà funfun tó wà lẹ́bàá èèpo rẹ̀ ń fara da nínà, ìhà pupa inú rẹ̀ sì ń fara da sísún kì. Ìwà igi ló ń sọ irú ọrun tí a ó gbẹ́. Ẹni tó bá mú igi elm, tó sì fi agídí gbẹ́ ẹ bíi yew, igi náà ni yóò dá a lóhùn.

Kí ló dé tí ṣóńṣó fi gbọ́dọ̀ tínrín? Nítorí pé ṣóńṣó ló ń rìn jìnnà jù lọ, tó sì ń yára jù lọ nígbà tí a bá ju ọṣán sílẹ̀. Agbára tí a fà sínú ọrun, ọfà àti apá ọrun ló jọ ń pín in. Bí ṣóńṣó bá wúwo, yóò jẹ nínú oúnjẹ ọfà. Èyí tí ọfà kò bá rí gbé lọ yóò ku sínú ọrun, yóò di gbígbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń ta, yóò sì di ariwo. Ẹ ti rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ohùn al-Katūm sọ́kàn. Ọrun tí kì í pariwo ń fi èyí tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀ fún ọfà.

Iṣẹ́ sùúrù tó wà níbẹ̀

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, ìmúrasílẹ̀ ni. Ibi tí igi ti ń di ọrun gan-an ni ibi tí a ti ń ha á díẹ̀díẹ̀, tí a ń wo bó ṣe ń tẹ̀, títí apá méjèèjì yóò fi tẹ̀ dọ́gba.

Agbọ́run yóò kọ́kọ́ ti ṣóńṣó igi náà mọ́lẹ̀, yóò fi ọwọ́ mọ̀ bóyá ó ń tẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò so okùn gígùn mọ́ ọn, yóò gbé àárín rẹ̀ lé orí igi kan lára ògiri, yóò sì máa fa okùn náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò ní dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yóò jìnnà sí i, yóò máa wo apá ọ̀tún àti apá òsì bí ẹni ń wo òṣùwọ̀n. Ibi tó bá tẹ́ gbalaja ti le jù. Ibi tó bá ká bí oríkèé ìka ti rọ̀ jù.

Òfin iṣẹ́ yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gba àríyànjiyàn. Ibi tó le ni ká ha. Ibi tó rọ̀, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́. Bí a bá ti ha á tán, kí a fà á díẹ̀ ní ìgbà 20 tàbí 30 kí a tó tún un wò, nítorí igi kì í tètè fi ohun tí a ṣe sí i hàn. Bí a bá sì rí àbùkù, kí a má ṣe fà á kọjá ibi tí àbùkù ti hàn, àfi tí a bá tún un ṣe. Bó bá jẹ́ ọrun tí fífà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju pọ́ùn 40 lọ la fẹ́, kò sí ọjọ́ kan tí a gbọ́dọ̀ fi ju pọ́ùn 40 fà á, ìbáà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ní ínṣì 15 péré. Bó bá ti dé pọ́ùn 40 níbẹ̀, a ó dúró, a ó ha á, kí a tó tẹ̀síwájú.

Ẹni tó bá kánjú nínú èyí yóò rí i lára ọrun rẹ̀. Bí a bá já ọṣán rẹ̀ kúrò, ọrun náà kò ní nà tán mọ́, yóò wà ní títẹ̀. Ikùn igi náà ti rún. Kò ní fún ọfà ní ohun tó yẹ kó fún un mọ́ láéláé.

Apá méjèèjì ńkọ́? Bí apá kan bá le ju èkejì lọ, yóò yára padà sípò ju èkejì lọ, ọfà yóò sì fì sókè tàbí sísàlẹ̀ kó tó kúrò lórí ọṣán. Síbẹ̀, ẹ má rò pé ìdọ́gba túmọ̀ sí pé kí wọ́n jọra bí ìbejì. Ọwọ́ tó di ọrun mú wà nísàlẹ̀ ibi tí ọfà ń gbà kọjá. Nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ ọrun, a máa ń jẹ́ kí apá ìsàlẹ̀ le díẹ̀ ju ti òkè lọ. Bí a bá wọn àlàfo tó wà láàárín ọṣán àti igi, ìyàtọ̀ náà lè tó mìlímítà 3 sí 6. Ìdọ́gba ni kí kálukú gbé ohun tí ipò rẹ̀ lè gbé.

Oríkèé inú ilé wa

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí oríkèé yẹn, ibi tó rọ̀ jù. Ìdí tó fi léwu ni pé ó rọrùn. Bí ẹ ṣe ń fa ọrun, gbogbo ibi tó le yóò kọ̀, ibi tó rọ̀ yóò gbà. Ó gbà lónìí, ó gbà lọ́la, lọ́jọ́ kan yóò ṣẹ́. Nígbà tó bá ṣẹ́, a ó ní igi náà kò dára. Bẹ́ẹ̀, ibi tó kù tí kò tẹ̀ rárá ló pa á.

Ẹ̀yin òbí, ǹjẹ́ kò sí irú rẹ̀ nílé wa? Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni à ń rán níṣẹ́. Òun ló ń pọnmi, òun ló ń gbé àbúrò, òun ló ń tọ́jú ìyá àgbà. Àwọn tó kù ti fi ojú le, a sì ti fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé a kò fẹ́ wàhálà. Nínú ilé kéwú náà, ọmọ tó tètè há Alukuraani sórí là ń bò mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ àti ìdíje. Nínú mọ́sálásí, ẹni tí kì í sọ pé rárá ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá fi ilé sílẹ̀, tàbí tó bá fi mọ́sálásí sílẹ̀, ẹnu á yà wá.

Ìwòsàn tí agbọ́run ń lò kò ṣòro láti lóye: ó gbé ọwọ́ kúrò lára ibi tó rọ̀, ó sì lọ ṣiṣẹ́ lára ibi tó le. Ó ń gba àkókò, ó sì ń gba sùúrù. Àtúnṣe mìíràn kò sí, torí pé igi tí a ti ha kúrò kò ṣeé lẹ̀ padà.

Èrò mi lórí kíkọ́ àwọn ọmọ wa

Àwọn kan ń sọ pé ọrun onígi ti di ìtàn, pé ká lọ ra èyí tí ilé iṣẹ́ fi ike ṣe. N kò sọ pé ó léèwọ̀. Ó tilẹ̀ dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn ti bá a wọn ìdọ́gba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ra ọrun tán, títa nìkan ló kọ́. Ọmọ tó bá gbẹ́ ọrun ti kọ́ sùúrù, ìṣirò àti bí a ṣe ń wo nǹkan láìtan ara ẹni jẹ. Hadíìsì tó wà nínú ìwé Abū Dāwūd àti Tirmidhī sọ pé nítorí ọfà kan, ènìyàn mẹ́ta ni Ọlọ́hun yóò mú wọ Alujanna. Ẹni tó ṣe é pẹ̀lú àníyàn rere wà nínú wọn, pẹ̀lú ẹni tó ta á àti ẹni tó ń gbé e lé e lọ́wọ́. Bí ẹni tó ṣe ọfà bá ní láádá, mo rí i pé ẹni tó ṣe ọrun náà kò ní ṣaláìní tirẹ̀, bó bá ṣe é dáadáa.

Àwọn mìíràn sì wà, tí wọ́n máa ń so okùn mọ́ igi èyíkéyìí, tí wọ́n á ní kí ọmọ máa ta, pé súnnà ni. Àwọn yìí ni mo takò jù. Igi tí a fojú rénà ní í gún ni lójú. Ọrun tí kò dọ́gba lè ṣẹ́ lẹ́bàá ojú ọmọ. Bí ẹ bá máa kọ́ wọn, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ fún ọmọ ní ọrun tó lè fà tí apá rẹ̀ kò gbọ̀n. Kí ó má ṣe fa ọrun kó sì jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà níbẹ̀, torí ọrun fúnra rẹ̀ ni agbára náà yóò padà sí. Kí gbogbo ènìyàn dúró lẹ́yìn ẹni tó ń ta. Ẹ rántí pé Ànábì pàṣẹ kí ẹni tó bá gbé ọfà kọjá nínú mọ́sálásí tàbí ọjà di ojú irin rẹ̀ mú, kó má baà ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ó sì kọ̀ fún wa láti fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe àmì ìdánwò ọfà. Súnnà ọfà títa àti súnnà ìṣọ́ra, ọ̀kan náà ni.

Àwọn àgbà ní, ọṣán já, ọrun dọ̀pá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọrun tí a kò ha dọ́gba, ọ̀pá ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbáà ní ọṣán tuntun lórí.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní sùúrù tí a ó fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wa láṣeyanjú, kí Ó jẹ́ ká pín ẹrù ilé wa pẹ̀lú òṣùwọ̀n, kí Ó má sì jẹ́ kí ẹni tó rọ̀ láàárín wa ṣẹ́ nítorí àwa tó le. Àmín.

Wa billāhi t-tawfīq.